Lífùtì tó so òkè méjì pọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí láti oṣù Kejìlá títí yìnyín fi máa yọ́ tán: "Ọ̀gá, aago mélòó ni lífùtì ń pa?" Lífùtì ni ẹ̀rọ orí wáyà tó ń gbé àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín gòkè. Ṣùgbọ́n lífùtì wo? Ẹni tó bèèrè kò mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí n dárúkọ aago kan kó lè fọkàn balẹ̀ jẹun ọ̀sán. Tí mo bá ní kò sí aago kan pàtó, á wò mí bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fi ń jẹun nìyí: kí n kó èèyàn láti àfonífojì kan bọ́ sí èkejì lórí àwọn òkè Alps, kí n sì dá wọn padà síbi tí wọ́n máa sùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò ní kọ́ yín níbí bí a ṣe ń yọ̀ lórí síkíì, pátákó gígùn méjì tí a ń dè mọ́ bàtà, mi ò sì ní sọ bí a ṣe ń jókòó sórí àga tó ń rìn lórí wáyà. Ẹ ti mọ ìyẹn, tàbí kí ẹ lọ bá olùkọ́.

Ibi síkíì tí wọ́n so pọ̀ kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Abúlé púpọ̀ ni, kálukú nínú àfonífojì tirẹ̀, tí òkè sì dábùú àárín wọn. Lífùtì á gbé yín dé góńgó láti apá ìhín, ẹ ó sì yọ̀ lọ sí apá ọ̀hún. Èyí tó ń gun góńgó yẹn ni mo ń pè ní lífùtì ìsopọ̀. Tí wọ́n bá ti pa á, ó parí, ì báà jẹ́ pé gbogbo lífùtì abúlé yín ṣì ń yí.

Ẹ wo Les 3 Vallées ní Faransé, níbi tí ojú ọ̀nà síkíì ti tó kìlómítà 600. Courchevel wà nínú àfonífojì kan, Méribel wà láàárín, Les Menuires àti Val Thorens wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tó sùn ní Courchevel tó wá lọ jẹun ọ̀sán ní Val Thorens, ní mítà 2,300, góńgó méjì ló máa gùn kó tó délé: ti Mont de la Chambre lákọ̀ọ́kọ́, kó sọ̀kalẹ̀ sí Méribel-Mottaret, kó tún gun Saulire tó ga tó bíi mítà 2,700. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Aago mélòó ni wọ́n ń pa lífùtì tó ń ti Mottaret lọ sí Saulire? Ẹ yọ àkókò tí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀ dé Mottaret kúrò, ẹ yọ ti èrò tó máa tò síwájú yín, ẹ yọ ti ẹni tó máa ṣubú nínú yín, torí ẹnì kan á ṣubú ṣáá. Aago tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi dìde nídìí oúnjẹ ní Val Thorens. Ó sábà máa ń yá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Aago yẹn sì ń yí padà. Nígbà tí ọjọ́ kúrú ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, wọ́n ń tètè pa lífùtì ju ti oṣù Kẹta lọ. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ pé òun rí lọ́dún tó kọjá kò wúlò. Pátákó tó wà ní ẹsẹ̀ lífùtì ni kí ẹ kà, láàárọ̀, nígbà tí ẹ bá ń kọjá lọ. Ẹ yà á sínú fóònù yín.

Tí ẹ bá pẹ́ jù ńkọ́? Ọ̀nà mọ́tò kì í gun orí òkè kọjá bíi lífùtì. Láti Val Thorens sí Courchevel, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ dé Moûtiers ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè mìíràn. Ó ju wákàtí kan lọ, owó takisí rẹ̀ á sì ju 100 yúrò lọ. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí ẹ rí lábúlé, inú àfonífojì kan náà ló ti ń ṣe tirẹ̀. Ẹ má lọ dúró dè é pé kó gbé yín kọjá òkè.

Àwọn ará òkè Dolomites ní Ítálì ti bá yín ro tiwọn. Ọ̀nà síkíì tí wọ́n ń pè ní Sella Ronda yí òkè Sella po, ó sì gba ọ̀nà orí òkè mẹ́rin kọjá: Gardena, Campolongo, Pordoi àti Sella. Ẹ lè gbà á bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹ tẹ̀lé àmì aláwọ̀ ọsàn, tàbí kí ẹ gbà á lódìkejì, kí ẹ tẹ̀lé àmì aláwọ̀ ewé. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn kò le: ẹ gbéra kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ sì ti kọjá èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó di aago mẹ́ta ààbọ̀. Síbẹ̀ ẹ ó rí àgbàlagbà tó jókòó ti kọfí ní Arabba, abúlé kan lójú ọ̀nà yẹn, tó ṣí bọ́tìnì kóòtù sílẹ̀, tó ń yá oòrùn lọ ní aago méjì kọjá.

Agbègbè yẹn náà ni ìrìn tí mo fẹ́ràn jù wà. Láti Armentarola, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Passo Falzarego, kébù-káà, ọkọ̀ tó ń rọ̀ sórí wáyà, á gbé yín gun Lagazuoi, mítà 2,752, ẹ ó sì yọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú àfonífojì kan tí kò ní lífùtì kankan, tí ògiri àpáta sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá tẹ́jú nísàlẹ̀, tí síkíì kò lè yọ̀ mọ́, ẹṣin ni ẹ ó bá níbẹ̀. Wọ́n á na okùn gígùn sẹ́yìn, kálukú á di í mú, ẹṣin á sì wọ́ gbogbo yín lọ lórí síkíì yín. Ẹ fi yúrò díẹ̀ sápò fún bọ́ọ̀sì àti ẹlẹ́ṣin, tíkẹ́ẹ̀tì lífùtì kò kan tiwọn.

Bọ́ọ̀sì ti ń dínkù níbòmíràn. Ní Arlberg ní Austria, kó tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹni tó bá ń ti apá St. Anton lọ sí Lech ní láti bọ́ síkíì, kó wọ bọ́ọ̀sì. Lífùtì kan tí wọ́n ń pè ní Flexenbahn ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe báyìí. Ní Morzine ní Faransé, ẹsẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀: apá Pleney àti apá Super Morzine dojú kọra láàárín ìlú, ẹ ó gbé síkíì léjìká, ẹ ó rin afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń ná ibẹ̀. Ìrìn ìlú nìyẹn, kò léwu.

Afẹ́fẹ́ ni kí a sọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni kébù-káà tó ń jẹ́ Vanoise Express ti so La Plagne pọ̀ mọ́ Les Arcs ní Faransé. Ó lè kó èèyàn 200 lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀, ó ń fò ní mítà 380 lókè àfonífojì, kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ àrà ni. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ti le, wọ́n á dá a dúró, ọ̀nà mọ́tò ló kù. Ti Zermatt àti Cervinia tún ga ju ìyẹn lọ. Góńgó Klein Matterhorn tó wà láàárín wọn wà ní mítà 3,883, láti oṣù Keje ọdún 2023 sì ni ẹlẹ́sẹ̀ lásán, tí kò mọ síkíì rárá, ti lè fi kébù-káà kọjá láti Switzerland bọ́ sí Ítálì. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, tíkẹ́ẹ̀tì Zermatt nìkan kò sì ní ṣí geeti ti apá Ítálì fún yín. Tí afẹ́fẹ́ bá dé, wọ́n á pa òkè kí wọ́n tó pa ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà ní Cervinia lásìkò yẹn, mọ́tò ni yóò fi wákàtí gbáko mélòó kan yí òkè po, gba Aosta, gba ihò òkè Great St Bernard, títí dé Täsch, kó tó wọ rélùwéè, torí mọ́tò kì í wọ Zermatt.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé abúlé lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí oòrùn máa ràn, kí ẹnì kan wá gbójú sókè, kó ní, "Ojú ọjọ́ dára, wọn ò ní pa á." Ṣé abúlé ni lífùtì wà ni? Àwọn kan ní ojú kùrukùru làwọn fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí èrò bá ṣì pọ̀ nílé ọtí orí òkè, lífùtì ò tíì pa. Wọn ò mọ̀ pé àwọn tó wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ilé wọn. Obìnrin kan sọ fún mi pé òun ti gbàdúrà sí i. Mo fẹ́ràn àdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti geeti kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣe àmín. Èyí tó burú jù ni àwọn amọ̀nà òjijì tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lórí WhatsApp. Ní Faransé, òfin kò fàyè gba ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí láti máa gba owó kọ́ èèyàn ní síkíì tàbí láti máa kó wọn kiri. Èmi jókòó ṣe ìdánwò, mo dúró nínú yìnyín ṣe ìdánwò, wọ́n sì já mi kí n tó yege. Ẹni tó kọ́ ọ̀nà láti inú fídíò, tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ gun Saulire ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, kí la fẹ́ pè é?

Ó wá ku ẹsẹ̀. Máàpù tí wọ́n ń pín fún yín, àwòrán ni. Ẹni tó yà á tẹ òkè síbí, ó fa àfonífojì sọ́hùn-ún, kí gbogbo ọ̀nà lè hàn lójú ìwé kan. Ẹ kò lè fi ìka wọn ọ̀nà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni kí ẹ máa kà: Mottaret wà ní nǹkan bíi 1,750, Saulire ní nǹkan bíi 2,700. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, kí ẹ wá bi orúnkún yín. Òfin keje nínú mẹ́wàá tí FIS, àjọ síkíì àgbáyé, fi lélẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ni kó máa gbà. Òfin ọ̀sán nìyẹn o. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ojú ọ̀nà pa, ẹ má rìn níbẹ̀ rárá, àti ẹ̀gbẹ́, àti àárín.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Nírọ̀lẹ́ ni katakata tó ń tẹ́ yìnyín ń jáde. Níbi tí òkè bá ti dagun jù, kò lè dá gùn ún, torí náà wọ́n á so ó mọ́ òpó irin lókè pẹ̀lú wáyà irin tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Wáyà yẹn lè gùn tó kìlómítà kan. Nígbà tí kò bá le, inú yìnyín ló máa sùn sí, ojú kò rí i. Bí katakata bá fà tàbí tó yà sọ́tùn-ún, á le lójijì, á fò kúrò nílẹ̀, á sì gbá ojú ọ̀nà láti etí kan dé èkejì. Awakọ̀ lè wà lẹ́yìn gegele, kó má rí yín, kó má gbọ́ yín. Èyí tí kì í wọ èèyàn lórí rèé: katakata lè wà níbi tó jìnnà réré, kí wáyà rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú àwọn tí mo kó lọ sí Val Thorens. Mo ní kó dìde, ó ní kí n máa kó àwọn yòókù lọ, òun mọ ọ̀nà. Nígbà tó dé Mottaret, wọ́n ti pa lífùtì. Takisí wà níbẹ̀. Ó wo máàpù, ó ní ìka méjì péré ni, ó gbé síkíì léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè nínú bàtà síkíì. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó gbé fóònù mi. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sẹ́yìn àpáta, torí afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́ mi. Ó fi ọ̀pá síkíì rẹ̀ méjèèjì gúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Àbúrò, má ṣèyọnu, mo ti ń rí iná katakata lókè. Màá ní kí wọ́n gbé mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ má kúrò níbẹ̀."

"Kí ló dé? Ó ṣì jìnnà."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan nínú fóònù, fìì, ẹ̀gbọ́n ò sì fọhùn mọ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀: "Àbúrò, ọ̀pá mi." Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè fi rédíò dá awakọ̀ dúró, wọ́n sì lọ gbé e. Wọ́n rí ọ̀pá kan nísàlẹ̀, ó ti ká. Èkejì, wáyà ti gé e sí méjì ní ibi tí ìdodo ẹ̀gbọ́n ì bá wà ká ní ó dúró tì í.

Torí náà, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá yín nínú àfonífojì tí kì í ṣe tiyín, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà kí wọ́n tó ti ojú ọ̀nà pa, kì í ṣe òkè. Ẹ wọ ibi tó móoru. Ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì yín, kí wọ́n má lọ ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ nítorí yín. Tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, 112 ni kí ẹ pè. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ lífùtì tó ti pa yẹn dáadáa: ẹ kì í sábà dá nìkan pẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi àwọn yòókù ibi tí wọ́n ń sùn, torí èèyàn mẹ́rin lè pín owó takisí kan.