"Ṣebí mo ti kọ ọ́ sínú ripọ́ọ̀tì"

Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán níbi iṣẹ́ la máa ń gbọ́ ọ: "Ṣebí mo ti kọ ọ́ sínú ripọ́ọ̀tì, àwọn ọ̀gá ni ò kà á." Àwọn èèyàn gbà pé tí òótọ́ bá ti wà lórí ìwé, tí gírámà ẹ̀ sì dáa, ọrùn ẹni tó kọ ọ́ ti mọ́. Ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Columbia, ọkọ̀ tí NASA, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfúrufú. Ní January 16, 2003, bó ṣe ń gbéra, fóòmù tí wọ́n fi bo táǹkì epo ẹ̀ já, ó lọ gbá apá òsì ọkọ̀ náà. Àwọn ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá ṣe sílàìdì fáwọn ọ̀gá. Lórí ọ̀kan nínú àwọn sílàìdì yẹn, àkọlé tó wà lókè ń sọ ohun tó máa fọkàn èèyàn balẹ̀ nípa ìdánwò tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn láti mọ ohun tí fóòmù lè ṣe tó bá gbá ọkọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé fóòmù ìdánwò jẹ́ kúbíìkì ínṣì 3, ti ọkọ̀ yìí sì jẹ́ 1,920. Ìlọ́po 640 nìyẹn o!

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn, wọ́n á ní ṣé kò wà níbẹ̀ ni? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀, àmọ́ gbólóhùn tí ọ̀gá nílò ni ò sí: "A ò tíì dán irú èyí wò rí, a ò mọ ohun tó ti ṣe sí apá ọkọ̀." Ẹnjiníà tó bá rí 3 àti 1,920 á ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lọ́kàn ara ẹ̀, ọ̀gá tí ìwé kún iwájú ẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan, àkọlé ló máa gbé lọ.

Mi ò ní sílàìdì ló pa àwọn méje tó kú ní February 1, nígbà tí Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń pa dà bọ̀ sílé ayé. Fóòmù ló ba apá ọkọ̀ jẹ́, àwọn ọ̀gá náà sì kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò apá náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣe nǹkan kan ká ní wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gààrà. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ sílàìdì yẹn nínú àbájáde wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ àròkọ WAEC ló kọ́ wa. Ẹni tó ń máàkì ẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un kó lè kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, kò sì sí ìpinnu kankan tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá ọ́fíìsì ò rí bẹ́ẹ̀.

Torí náà, tí búrékì mọ́tò ilé iṣẹ́ yín bá ti ń kú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́ àárín ọ̀rọ̀ táyà àti ọ́ìlì. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kó wà ní ìlà àkọ́kọ́: "Mọ́tò yìí ò gbọdọ̀ jáde lọ́la." Tí kò bá fèsì, ẹ pè é.