Bí A Ṣe Ń Dá Ìsọjí Ọrọ̀-Ajé Mọ̀ ní Ìlú Oníléeṣẹ́

Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnukọlẹ̀ láàrin ọdún 2007 sí 2009, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana wà lára àwọn ibi tí ó pa lára jù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ibẹ̀ ró: kíkan ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní RV, èyí tí ibùsùn, ibi ìdáná àti balùwẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun ìgbafẹ́ ni, owó tí a yá sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rà á, nítorí náà bí báńkì ṣe dáwọ́ ẹ̀yáwó dúró ni ọjà kú. Ọkọ̀ tó jáde nílé-iṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, tó tó 390,000 ní ọdún 2006, wálẹ̀ sí nǹkan bí 166,000 ní 2009. Ní oṣù kẹta ọdún náà, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Elkhart.

Iye aláìníṣẹ́ yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo kì í sáré gba ènìyàn. Yóò kọ́kọ́ fi kún wákàtí àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò padà sí márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ófátáìmù yóò dé. Bí iṣẹ́ bá ṣì pọ̀ jù, yóò mú òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan gbígba ẹni tí yóò dúró pẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fi ka wákàtí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́sẹ̀ mọ́ àwọn àmì tó ń ṣáájú. Oṣù kẹfà ọdún 2009 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ìdẹnukọlẹ̀ náà parí, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni iye aláìníṣẹ́ Amẹ́ríkà tó dé góńgó rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò wá iṣẹ́ mọ́, a kì í kà á mọ́ wọn. Bí ó bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ti ń gbà tó sì tún jáde wá a, iye náà lè ròkè nígbà tí nǹkan ń dára gan-an.

Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni iye ọkọ̀ tó jáde. Kò tíì dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó; yáàdì oníṣòwò ló lọ. Bí ọjà bá kú, àwọn oníṣòwò yóò máa ta èyí tó wà nílẹ̀ láìra tuntun, títí yáàdì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí wọ́n bá wá rí báńkì tó yá wọn lówó, gbogbo wọn yóò béèrè ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ yóò sì rò pé ìnira ti tán. Bí àwọn tó ń rà á lọ sílé kò bá pọ̀ tó, yáàdì yóò tún kún, ìbéèrè yóò sì dáwọ́ dúró. Iye ọkọ̀ tí oníbàárà fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló yẹ kí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó jáde, kí a tó pè é ní ìsọjí.

Elkhart sọjí lóòótọ́. Nígbà tí Ààrẹ Obama padà síbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, aláìníṣẹ́ ti dín sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣì gbára lé: ní 2021, ọkọ̀ tó jáde jákèjádò orílẹ̀-èdè lé ní 600,000; èlé ẹ̀yáwó gòkè, yáàdì kún, nígbà tó sì di 2023, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 313,000.