Kí Ló Dé Tí Fíìmù Kì Í Kún Ojú Tẹlifíṣọ̀n?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kì í pẹ́ ráhùn: “Odindi tẹlifíṣọ̀n ni mo sanwó rẹ̀, kí ló wá dé tí fíìmù ò lò ju àárín lọ?” Ìbéèrè yẹn rèé, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ọ̀já dúdú kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ṣé tẹlifíṣọ̀n mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ 16:9, ìyẹn ni pé bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 1, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1.78. Ọ̀pọ̀ fíìmù sinimá ló fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn kan jẹ́ 1.85, àwọn mìíràn jẹ́ 2.39. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ jẹ́ 4:3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà lóròó àti níbùú. Nígbà tí ó wá ń gba òǹwòran lọ́wọ́ àwọn ilé sinimá, iléeṣẹ́ 20th Century-Fox gbé CinemaScope jáde ní ọdún 1953, kí àwọn èèyàn lè rí ohun tí wọn ò lè rí nílé. Àtìgbà náà ni fíìmù ti ń fẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n 1080 ní ìlà 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú àmì 1920 (pixel, àwọn ẹ̀ka tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Fíìmù 2.39 á gba gbogbo 1920 náà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlà 803 péré ni yóò lò. Ìyókù ló di ọ̀já dúdú, bí ìlà 138 lókè, bí 138 nísàlẹ̀. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ojú tẹlifíṣọ̀n lọ díẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gé nǹkan kan kúrò. Ti fíìmù 1.85 kéré débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọ̀já wà níbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Mo ti fi rìmóòtù mú kí ó kún. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kù sí bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀. “Zoom” máa ń gé ọ̀tún àti òsì dànù, nínú fíìmù 2.39 ó sì lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán náà lọ. Bí èèyàn méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan wà ní eteetí ọ̀tún, tí èkejì wà ní òsì, imú ẹnì kan àti èjìká ẹnì kejì lẹ máa rí. “Stretch” ní tiẹ̀ kì í gé nǹkan, fífà ló máa ń fà á. Bí ó bá fa fíìmù gbọ̀ọ̀rọ̀ sókè, gbogbo èèyàn á di òpèlèńgẹ́. Bí ó bá fa fíìmù 4:3 àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á sanra lójijì.

Nílé tèmi, a ti wo fíìmù dé ìdajì kí ọmọdé kan tó béèrè pé kí ló dé tí bọ́ọ̀lù àwọn yẹn rí bí ẹyin. Àwa àgbà ò rí i. Látìgbà náà, ohun ribiti ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú fíìmù: táyà mọ́tò, aago ara ògiri, òṣùpá àrànmọ́jú. Bí kò bá rí ribiti, mo ti mọ̀ pé ètò tẹlifíṣọ̀n ni.

Ẹ wá “Picture Size” tàbí “Aspect Ratio” kàn, kí ẹ yan “Original”, “Just Scan” tàbí “Screen Fit”. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti tẹlifíṣọ̀n dé tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣì máa ń gé etí àwòrán díẹ̀, àṣà tó kù láti ayé tẹlifíṣọ̀n onígò. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí máa ń fòpin sí i.

Ìbéèrè: Tèmi dúdú yí ká, fíìmù wá kéré láàárín bíi sítáǹbù.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ni àṣìṣe, DVD ló sì sábà máa ń mú un wá. Ẹ wo ètò ẹ̀rọ DVD yín, níbi tí wọ́n kọ “TV Type” sí. Bí ó bá ṣì wà ní 4:3, ẹ gbé e sí 16:9. Bí kò bá yí padà, á jẹ́ pé inú àwòrán náà ni wọ́n ti ya ọ̀já dúdú mọ́ DVD. Ibí yìí nìkan ni mo ti máa ń gbé oríyìn fún “Zoom”. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé á mọ́ kedere: nínú ìlà 480, nǹkan bí 268 ni fíìmù 2.39 lò nínú irú DVD bẹ́ẹ̀, nígbà tí èyí tí wọ́n kọ “Anamorphic” sí lára páálí rẹ̀ ń lo bí 357.

Ìbéèrè: Fíìmù olówó ńlá, àmọ́ ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ìgbà tí mò ń wo ìròyìn.

Ìdáhùn: Àwòrán 24 ni fíìmù ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n yín ń hùmọ̀ àwọn mìíràn, ó ń kì wọ́n sáàárín. LG ń pè é ní TruMotion, Sony ń pè é ní Motionflow. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie ṣe fídíò kan láti bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa á. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ tàn án padà. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní “Filmmaker Mode”, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò pa á fún yín.

Ìbéèrè: Ibi tó ṣókùnkùn nínú fíìmù máa ń já sí onígun-onígun.

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń wò ó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Netflix dámọ̀ràn kí íntánẹ́ẹ̀tì yára tó 5 Mbps fún 1080p, kí ó tó 15 fún 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ jù ú lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀já náà ò dúdú, bí eérú ló rí nígbà tí a bá paná yàrá.

Ìdáhùn: Iná tó wà lẹ́yìn ojú tẹlifíṣọ̀n LCD ló ń jò gba iwájú. Ti OLED kì í rí bẹ́ẹ̀, ojú àmì kọ̀ọ̀kan ló ń paná ara rẹ̀. Ẹ dín “Backlight” kù, ẹ má fọwọ́ kan “Brightness”, kí ẹ sì gbé iná kékeré kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Iná yẹn á mú kí ọ̀já náà dúdú sí i lójú yín.