Orúkọ jáde lórí sáfà, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò jẹ́ ká wọlé

Ọ́fíìsì tó ní ogún kọ̀ǹpútà ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ kò ní láti máa dárúkọ òṣìṣẹ́ tuntun sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, là ń kó orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn sí. LDAP, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń wá orúkọ lórí sáfà, ni àwọn ẹ̀rọ yòókù fi ń bi í léèrè. Lórí Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan), ètò kan tó ń jẹ́ SSSD ló ń ṣe ìbéèrè yẹn.

Fi sssd-ldap àti ldap-utils sórí ẹ̀rọ, kí o wá kọ fáìlì /etc/sssd/sssd.conf. Root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ, ni kó ni ín, 0600 sì ni kí àṣẹ rẹ̀ jẹ́, kí òun nìkan lè kà á kó sì kọ sí i. Bí o bá dà á kọ láti orí fúláàṣì, àṣẹ yìí sábà máa ń yí padà, SSSD á sì kọ̀ láti dìde. Tẹ sudo pam-auth-update --enable mkhomedir pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ á wọlé láìní fódà tirẹ̀.

Ibi tó ti ń dojú rú rèé: o tẹ getent passwd pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, ó mú orúkọ jáde, síbẹ̀ páásíwọ́ọ̀dù kò ṣiṣẹ́. Má tíì yí páásíwọ́ọ̀dù padà. SSSD kì í fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí LDAP lójú ọ̀nà tí kò ní ìdáàbòbò TLS, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bó ṣe ń lọ. Ojú ọ̀nà (port) 389 ní láti lo StartTLS, àṣẹ tó ń tan TLS lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kàn sí sáfà, 636 ti ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fi ldapsearch -x -ZZ dán 389 wò. Bí ó bá kọ̀, wo ìwé ẹ̀rí (certificate) sáfà: ṣé orúkọ tó wà nínú rẹ̀ náà lo kọ sí ldap_uri, ìlà àdírẹ́sì sáfà nínú sssd.conf, àbí nọ́ńbà IP lo kọ? Ìwé ẹ̀rí àwọn tó fọwọ́ sí i ńkọ́? Inú /usr/local/share/ca-certificates ni kó wà, kí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .crt, kí o sì tẹ update-ca-certificates. Àwọn kan máa ń kọ ldap_tls_reqcert = never, kí ẹ̀rọ má baà yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò, láti bọ́ nínú wàhálà. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kéèyàn kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún ẹni tí kò mọ̀.

Wo aago náà. Bí bátìrì CR2032 tó wà nínú ẹ̀rọ bá ti kú, tí NEPA sì múná lọ, aago á padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀, ìwé ẹ̀rí á wá dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn tó fi Kerberos, ètò mìíràn tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, kún un tún ní tiwọn: ìṣẹ́jú 5 péré ni ó máa ń gbà kí aago fi yàtọ̀.

Nítorí iná yìí kan náà, kọ cache_credentials = True sínú sssd.conf, kí ẹ̀rọ lè há páásíwọ́ọ̀dù sórí. Bí sáfà bá kú, tí inverter ṣì gbé kọ̀ǹpútà dúró, òṣìṣẹ́ á ṣì wọlé, bó bá ti wọlé lórí ẹ̀rọ yẹn rí nígbà tí sáfà wà láyé. Bí ohun tí ẹ̀rọ há sórí bá ti gbó, sss_cache -E ni kí o tẹ̀. Má ṣe pa àwọn fáìlì inú /var/lib/sss/db rẹ́ nígbà tí sáfà kò sí, torí páásíwọ́ọ̀dù tó há sórí á bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó máa wọlé àfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, má yọ orúkọ alábòójútó tó wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kúrò.