Ọ́díṣàn fún eré tí òǹkọ̀wé ẹ̀ ò tíì kọ tán

Ọ́díṣàn, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, fún àjọ̀dún eré tuntun yàtọ̀ gedegbe sí ọ́díṣàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ohun tó sì fà á ni pé eré ọ̀hún gan-an ò tíì parí. Òǹkọ̀wé ṣì ń tún un kọ. Ìran kẹta lè má sí mọ́ tó bá fi máa di Tọ́sìdeè, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lè di àbúrò obìnrin, ẹni tó kú lójú ìwé 40 lè má kú mọ́. Irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ máa ń kó eré mélòó kan jọ, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ díẹ̀ fún rìhásà, lẹ́yìn náà àwọn òṣèré á mú ìwé lọ́wọ́, wọ́n á kà á síta fún àwọn tó wá wòran, kò sí aṣọ eré, kò sí ilé alárànbarà lórí ìtàgé, nígbà míì àga àti nǹkan tí wọ́n ń gbé ìwé lé nìkan ló máa wà níbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tó máa gba àtẹ́wọ́ jù là ń wá. Ẹni tó máa jẹ́ kí òǹkọ̀wé gbọ́ ohun tó kọ là ń wá, àti ohun tó rò pé òun kọ àmọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Nǹkan yìí ti pẹ́. Ní 1957 ni Royal Court, ilé ìtàgé kan ní London, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré tuntun síta lálẹ́ Sọ́ńdè láìsí ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé kankan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Eugene O'Neill Theater Center sílẹ̀ ní 1964 nílùú Waterford, ìpínlẹ̀ Connecticut, Lloyd Richards ló sì darí ètò àwọn òǹkọ̀wé níbẹ̀ láti 1968 títí di 1999. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé August Wilson gbé eré ẹ̀ kan lọ ní 1982, nígbà tó fi di 1984 eré yẹn ti dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York. Ẹni tó ń ka irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ò lè mọ ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tiẹ̀ ò sì ju pé kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kedere.

Kẹ́ ẹ tó pe òṣèré kankan, dárẹ́kítọ̀ àti òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó sọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí bí ojú tàbí ìdúró ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe máa rí o, lórí ohun tí eré yẹn nílò lásìkò yẹn ni. Òǹkọ̀wé kan á sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ inú ìran kejì ń pani lẹ́rìn-ín. Òmíràn á ní gbogbo ẹni tó ti ka ìwé òun ló kórìíra ìyá inú eré yẹn, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n kórìíra ẹ̀. Òṣèré tó máa dáhùn ìbéèrè kìíní lè má lè dáhùn ìkejì. Ti àkọ́kọ́ yẹn ń fẹ́ ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ bọ́ lẹ́nu, àmọ́ tí kò ní máa fojú fọwọ́ ran ẹ̀fẹ̀ tó ti kú lọ́wọ́, torí tó bá ràn án lọ́wọ́ àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, inú òǹkọ̀wé á dùn délé, ẹ̀fẹ̀ yẹn á sì kú mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀. Bí òṣèré tó gbóná ṣe ń pa eré tuntun lára nìyẹn, ó ń bá òǹkọ̀wé dí ihò tó yẹ kí òǹkọ̀wé fojú ara ẹ̀ rí.

Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa mú. Dramatists Guild, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú àwọn ẹ̀tọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ pé òǹkọ̀wé àti ẹni tó ń gbé eré jáde ló jọ máa fọwọ́ sí àwọn òṣèré. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún òǹkọ̀wé tí ohùn kan ti ń dún lórí ẹ̀ látìgbà tó ti ń kọ ọ́, tó wá jókòó sínú ọ́díṣàn tó ń wá ohùn yẹn kiri. Kò ní rí i láéláé. Èmi máa ń bẹ irú wọn pé kí wọ́n kẹ̀yìn sí òṣèré fún ẹni méjì mẹ́ta, kí wọ́n kàn máa gbọ́, ọkàn wọn sì sábà máa ń yí padà.

Ojú ìwé tí wọ́n máa kà wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á lọ yan ibi tí ẹkún ti pọ̀ jù, ibi tí bàbá ti ń lé ọmọ jáde nílé, gbogbo èèyàn á wá máa pariwo láti àárọ̀, tó bá fi di aago mẹ́ta ẹ ò ní mọ̀yàtọ̀ ẹnì kan sí èkejì mọ́. Ẹ yan ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta níbi tí ẹ̀dá ìtàn yẹn ti yí ọkàn padà láìsọ ọ́ síta. Tí ojú ìwé kan bá wà tí òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ mọ̀ pé kò tíì gún, ẹ fi sí i, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí òṣèré ń ṣe tí ọ̀rọ̀ ò bá gbé e. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi odindi eré náà kún un tí òǹkọ̀wé bá gbà. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ kí òṣèré bá ìwé níbẹ̀ kó kà á lójijì, wọ́n ní ìyẹn ló ń fi ọgbọ́n hàn. Èmi ò gbà. Ẹni tójú ẹ̀ yára lórí ìwé ni ìyẹn ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣèré tó mọṣẹ́ dáadáa wà tí wọ́n ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà le fún èèyàn, tí wọ́n bá ti rí ìwé yẹn ṣáájú ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó tóbi, ojú kan ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí nínú yàrá yẹn. Ìran kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n fẹ́ ta ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àbúrò sọ pé: "Mi ò bínú sí yín. Ẹ tà á." Òṣèré kan wọlé, ó kà á, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ohùn ń gbọ̀n, ó dáa gan-an. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká tún un gbà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí lọ́kàn yín ẹ ti ta ilé yẹn láti oṣù tó kọjá, ẹ kàn ń dúró kí ẹ̀gbọ́n yín fọwọ́ síwèé ni kẹ́ ẹ lè máa lọ. Ó mirí pé ó yé òun. Ó tún kà á, omi ń bọ́ lójú, ohùn ń gbọ̀n. Ẹlòmíì wọlé, kíkà àkọ́kọ́ tiẹ̀ ò dáa tó ti ẹni ìṣáájú, ó tiẹ̀ ṣi ìlà kan kà, àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n yẹn mọ̀ pé àbúrò ẹ̀ ti pinnu? Mo ní kò mọ̀. Ló bá sọ "Mi ò bínú sí yín" bí ẹni tó ń ka nọ́mbà fóònù fún èèyàn, "Ẹ tà á" sì ti jáde lẹ́nu ẹ̀ kí ẹnì kejì tó mí. Òǹkọ̀wé ò sọ nǹkan kan. Ó mú pẹ́ńsù, ó fagi lé ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, torí ìlà mẹ́rin yẹn ló fi ń ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ilé ò ká àbúrò lára mọ́, àwa tá a wà níbẹ̀ sì ti gbọ́ ọ.

Ẹni kejì la mú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á lẹ́ẹ̀kan kó máa lọ. Mo máa fún un ní ìtọ́ni tó yàtọ̀ pátápátá, kódà tí ìgbà àkọ́kọ́ bá ti dáa délẹ̀. Ìtọ́ni yẹn lè má bá eré náà mu rárá, kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣe ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gbé èyí tó múra ẹ̀ wá látilé sílẹ̀. Tí àyè bá wà, mo tún máa ń yí ìlà bíi mẹ́ta padà fún un, kó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ká wá jọ kà á, torí ohun tójú ẹ̀ máa rí lójoojúmọ́ nínú àjọ̀dún náà nìyẹn. Mi ò kì í wo ẹni tó kọsẹ̀ o, ẹni tó bínú ni mo ń wò.

Ẹ tún fi òṣèré gidi sídìí bíbá wọn kà á. Ẹni tó ń bá èèyàn kà tí kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, tó ń kà bí ẹni tí ebi ń pa, ó máa ba ọ́díṣàn ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Ẹ̀yin òṣèré, kódà tẹ́ ẹ bá ti há a sórí, ẹ di ìwé mú. Ẹni tó há nǹkan sórí lánàá ni ojú ìwé tuntun máa ń dààmú jù lónìí, àwọn tó ń wò yín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò yín máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé bẹ́ ẹ ṣe ń kà, kẹ́ ẹ lè gbójú sókè kẹ́ ẹ sì tún rí ibi tẹ́ ẹ dé. Ìgbà tẹ́nì kejì bá ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wò ó jù, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti ka tiwọn tán wọ́n á sáré dojú bolẹ̀ wá ìlà tó kàn. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, kì í ṣe báírò, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ ló máa yí padà. Jọ̀ọ́, ẹ má bá òǹkọ̀wé tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n" tó kọ, ẹ má sọ ọ́ di "àmọ́", ẹ má fi "ẹn" kún un. Tí ìlà kan bá le lẹ́nu, ẹ kà á bó ṣe le, kí òǹkọ̀wé gbọ́ pé ó le. Tó bá jẹ́ fídíò ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó kẹ́ ẹ tó ro ti iná.

Ohun tí àwọn tó wà níta ò sábà mọ̀ ni pé kì í ṣe eré kan là ń wá èèyàn fún. Ká ní eré márùn-ún ló wà, òṣèré kan lè jẹ́ adájọ́ nínú ti àárọ̀, kó tún jẹ́ ìyá àgbà nínú ti alẹ́, torí náà lẹ́yìn ọ́díṣàn a máa ń fa ìlà sórí pátákó, eré lápá kan, orúkọ lápá kejì, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé méjì máa ń fẹ́ ẹnì kan náà, rìhásà wọn sì máa ń bọ́ sí wákàtí kan náà. Ẹni tí wọn ò mú lè jẹ́ pé òun ló kà á dáa jù fún ipa kan, àmọ́ ipa kan ṣoṣo ló lè kó, ẹlòmíì lè kó mẹ́ta.

Iṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ títí dọjọ́ ìkẹyìn: ẹni tó máa ka ohun tí kò sí lẹ́nu ẹ̀dá ìtàn kankan, ìyẹn "ó wọlé", "iná kú", "wọ́n wo ara wọn". Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Irọ́ ni. Òun ló ń di aago eré náà mú, tó bá pẹ́ díẹ̀ gbogbo ẹ̀ á fà, tó bá fi ohùn ṣeré jù á bá òṣèré du ìtàgé. Ẹ ṣe ọ́díṣàn fún un bíi ti àwọn yòókù.

Ọjọ́ àti owó, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ wọ́n sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń pe èèyàn. Lábẹ́ Actors' Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, irú kíkà kan wà tó jẹ́ pé rìhásà àti kíkà síta pa pọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 29 lọ, nínú wákàtí bíi yẹn, ẹni tí kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, ẹ má mú un. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹni tó bá kà á báyìí lè má wà níbẹ̀ nígbà tí eré náà bá délé ìtàgé ńlá, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa fọkàn sí nǹkan tẹ́ ẹ ò ṣèlérí. Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa ti ṣe é, gbọ̀ngàn tàbí ọ́fíìsì ni, kó má kéré sí ẹni méjì nínú yàrá pẹ̀lú òṣèré. Ní 2018 SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n yéé ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àdáni. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá bá dárẹ́kítọ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má lọ.

Ẹni tẹ́ ẹ ò mú, ẹ dá a lóhùn, ìlà méjì ti tó. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́mbà ẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ kọ nípa kíkà ẹ̀, torí lálẹ́ ọjọ́ kejì rìhásà òǹkọ̀wé lè pè yín pé òun ti yọ bàbá kúrò, òun ti fi ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún rọ́pò ẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la lẹ sì máa bẹ̀rẹ̀.