Bí Kateryna Bilokur ṣe ń ya òdòdó láì já ẹyọ kan

Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ àwòrán òdòdó Kateryna Bilokur, ayàwòrán ará Ukraine yẹn, ẹ ó rí i pé irú ọgbà tó yà ò sí níbì kankan láyé. Òdòdó bíi peony àti dahlia á jọ tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ní Ukraine peony ti máa ń rẹ̀ dànù kí dahlia tó rójú tanná dáadáa, ọ̀kan ń yọ ní nǹkan bíi May sí June, ìkejì di ìparí ìgbà ooru sí ìgbà ìkórè. Kì í ṣe pé ó ṣì í yà o, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á.

Kì í já òdòdó, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lójú tiẹ̀ òdòdó tí wọ́n bá ti já ti kú, nítorí náà òun ló máa ń lọ bá a níbi tó hù sí, ì báà jẹ́ inú ọgbà àbí inú pápá, á jókòó tì í á máa yà á. Òdòdó ló wá di ọ̀gá tó ń pín àkókò iṣẹ́. Peony tó là lónìí, ọjọ́ díẹ̀ ló ní kó tó gbọn ewé ìtànná ẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà nìyẹn, àyè òdòdó tó ń bọ̀ á ṣì ṣófo lórí aṣọ tó ń ya àwòrán sí, dahlia á wá bá àyè tiẹ̀ tó bá yá. Èyí tó bá rẹ̀ kó tó parí ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí irú sùúrù yìí ṣeé ṣe ni pẹ́ńtì olóròóró tó ń lò. Èyí tí wọ́n bá fi omi pò, omi ẹ̀ á gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó parí. Ti òróró yàtọ̀, kì í gbẹ bí omi, ńṣe ló ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi le gbagidi, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ṣì tutù, èèyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì fà á kí àwọ̀ pupa rọra wọnú funfun létí ewé ìtànná, tó bá sì gbẹ tán, wọ́n á tún fi ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e tí tìsàlẹ̀ á máa hàn látinú ẹ̀. Ẹni tó ń dúró de òdòdó kúkú ń dúró de òróró náà.

Ti aṣọ tún wà níbẹ̀. Tí òróró bá kan aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán, bó pẹ́ bó yá á jẹ ẹ́, aṣọ á gbó á máa ya, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù pa á lára kí wọ́n tó wá kun nǹkan funfun lé e, funfun yẹn náà ló ń jẹ́ kí àwọ̀ tàn. Bilokur ló fúnra ẹ̀ kọ́ èyí. Abúlé Bohdanivka ni wọ́n bí i sí ní 1900, àwọn òbí ẹ̀ ò sì rán an lọ sílé ìwé torí wọn ò fẹ́ náwó bàtà àti aṣọ, nígbà tó sì fẹ́ wọ ilé ìwé iṣẹ́ ọnà nígbà tó dàgbà, wọ́n ní kò ní sáàtífíkéètì. Èédú ló fi bẹ̀rẹ̀, á máa fi yàwòrán sára aṣọ, ewéko bíi beetroot àti àlùbọ́sà ló sì ń fún àwọ̀ nínú wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìrù ológbò ni. Á ṣa irun tó gùn dọ́gba, á so wọ́n pọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, torí tí búrọ́ọ̀ṣì tó ti bọ́ sínú dúdú bá kan yẹ́lò, yẹ́lò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ológbò yẹn náà gbìyànjú sha.

Ní 1940 ló gbọ́ orin Oksana Petrusenko lórí rédíò, orin náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó kọ lẹ́tà sí olórin yẹn, ó sì fi àwòrán kan sínú ẹ̀. Petrusenko pariwo ẹ̀ fún àwọn tó mọ̀, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn, àwòrán ẹ̀ mọ́kànlá ti wà lára ògiri ní ìlú Poltava fún aráyé wò. Ní 1954 wọ́n kó mẹ́ta lọ sí Paris. Ó kú ní 1961, púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀ sì wà ní Kyiv, ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ Ukraine.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta tó lọ sí Paris yẹn ń jẹ́ "Kolhospne pole", ìyẹn oko àjùmọ̀ṣe, irú oko tí ìjọba Soviet fi ń yangàn nígbà yẹn. Ẹ wá wò ó o. Òdòdó ló wà níwájú gbàgàdà, ó gba gbogbo àyè, oko tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún.