Ara ọkùnrin níwájú kámẹ́rà: bí fọ́tò ìhòòhò ṣe di iṣẹ́ ọnà

Bí èèyàn bá wọ ilé fọ́tò àtijọ́ l'Ọ́ṣogbo, yálà l'Ókè-Fìà tàbí nítòsí Ọjà Ọba, irú fọ́tò ọkùnrin kan wà tí kì í wọ́n lára ògiri: àgbàlagbà jókòó, agbádá rẹ̀ bo àga mọ́lẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Aṣọ là á kí kí á tó kí ènìyàn, inú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ ti ń gba ìkíni tirẹ̀ ní kíkún. Irú fọ́tò mìíràn wà tí ọkùnrin inú rẹ̀ kò wọ nǹkan kan, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sí gbàgede iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ìtìjú. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dáyé ni fọ́tò ìhòòhò ọkùnrin ti ń wá àwíjàre tí yóò fi kọjá lójú àwùjọ. Àwíjàre tó bá sì rí ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa yà á: ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé, bí ara ṣe máa dúró, ohun tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà yíya fọ́tò tí Louis Daguerre ṣàwárí ní Páríìsì. Hippolyte Bayard náà ti rí ọ̀nà tirẹ̀ láti ya fọ́tò sórí bébà, ṣùgbọ́n Daguerre ni ìjọba Faransé gbé gẹ̀gẹ̀. Ní 1840, Bayard bọ́ra sílẹ̀, ó fi aṣọ bo ìdí, ó di ojú, ó sì ya ara rẹ̀ bí ẹni tó kú sómi. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé òkú Bayard ló wà níbẹ̀, pé ìjọba tó fún Daguerre ní ohun tó pọ̀ kò rí nǹkan kan ṣe fún òun. Tí a bá wo fọ́tò náà dáadáa, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ dúdú ju àyà rẹ̀ lọ, nítorí oòrùn ti pa wọ́n. Òun wá kọ ọ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Dídùbúlẹ̀ bí òkú tún bá iṣẹ́ náà mu, torí kámẹ́rà ìgbà yẹn ń fẹ́ kí ara dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ó wúni lórí pé ẹjọ́ ni ara ọkùnrin kọ́kọ́ wá rò nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń wá ẹwà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ di àwíjàre. Ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yúróòpù, yíya ara ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró fún ayàwòrán ń gba owó, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Fọ́tò kì í rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1854, Eugène Durieu ya àwọn ọkùnrin àti obìnrin ní ìhòòhò fún ayàwòrán ńlá nì, Eugène Delacroix. Delacroix fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa dúró, ó sì ń wo fọ́tò náà yàwòrán. Sáyẹ́ǹsì gba ọ̀nà kan náà wọlé. Ní yunifásítì Pennsylvania l'Ámẹ́ríkà, fọ́tógíráfà Eadweard Muybridge to kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń ya ọkùnrin tó ń rìn, tó ń fò, tó ń jìjàkadì, àní ó ya ara rẹ̀ náà. Ojú ìwé àwòrán 781 ló gbé jáde ní 1887. Ó fa ìlà sí ògiri ẹ̀yìn wọn ní ìbú àti òró kí ojú lè fi wọn ìṣísẹ̀, ìlà yẹn gan-an ló sì ń sọ fún ẹni tó ń wò ó pé ìwádìí lèyí, kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Àwíjàre kì í fìgbà gbogbo jẹ́ o: ní Philadelphia kan náà, wọ́n lé Thomas Eakins kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní 1886 torí pé ó bọ́ bàǹtẹ́ ìdí ọkùnrin tó ń dúró fún kíláàsì tí obìnrin wà níbẹ̀.

Ìsìn náà ṣe tirẹ̀. Ní 1898, fọ́tógíráfà F. Holland Day ní ìpínlẹ̀ Massachusetts gbààwẹ̀ títí ó fi rù, ó dá irun sí, ó sì ya ara rẹ̀ lórí àgbélébùú, pẹ̀lú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ nìdí. Ti Imogen Cunningham le jù, nítorí obìnrin ni. Ní 1915 ó ya ọkọ rẹ̀, Roi Partridge, ní ìhòòhò lórí òkè Rainier. Àríwísí tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé ó kó fíìmù wọn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú ọkùnrin ti ń wo ara obìnrin láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ìgbà tí obìnrin gbé kámẹ́rà kọjú sí ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ di ariwo.

Ṣùgbọ́n bí àwíjàre bá pọ̀ tó, tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dára, kò sí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Bí iná bá wá láti iwájú tààrà, bí fíláàṣì orí kámẹ́rà ṣe ń ṣe, ara á tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo rẹ̀ á hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kò sì ní rí ibi kankan wá kiri. Bí iná bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó jẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, egungun ẹ̀yìn á yọ, ìhà á yọ, iṣan apá á dìde, òjìji á sì bo ìyókù. Òjìji yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí bàǹtẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ti awọ dúdú tún gba ọgbọ́n. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé ohun tó wà níwájú òun kò funfun jù, kò sì dúdú jù. Fọ́tógíráfà Ọ̀ṣogbo tó ti ya ọkọ ìyàwó nínú léèsì funfun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí léèsì, ojú ọkọ ìyàwó á wá ṣókùnkùn. Bọ́ léèsì náà kúrò, kí o gbé ọkùnrin náà síwájú ògiri dúdú, òdì kejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù, awọ tó ń dán á di àwọ̀ eérú. Ẹni tó mọṣẹ́ á wọn ìmọ́lẹ̀ lára awọ gan-an, á dín in kù díẹ̀, á wá fi òróró pa èjìká àti àyà kí iná lè rí ibi dán sí. Lára awọ dúdú, ibi tó ń dán ni ojú fi ń mọ bí ara ṣe rí, ju ibi tó ṣókùnkùn lọ.

Ní ọ̀rúndún tó kọjá, eré ìdárayá di àwíjàre fún àwọn ìwé ìròyìn tó ń gbé fọ́tò ọkùnrin alágbára jáde l'Ámẹ́ríkà, nígbà tí òfin kò gbà kí ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé ohun tí wọ́n bá kà sí ìwà ìbàjẹ́. Ìgbà yẹn náà ni George Platt Lynes ń ya ìhòòhò ọkùnrin tó rẹwà gidi, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi hàn ẹnikẹ́ni títí ó fi kú ní 1955. Fọ́tógíráfà ará Amẹ́ríkà nì, Robert Mapplethorpe, ló wá gbé e dé gbangba. Ó ń to ara ọkùnrin bí ẹni ń gbẹ́ òkúta. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1989, gbàgede Corcoran ní Washington fagi lé àfihàn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀gá gbàgede kan ní Cincinnati lọ sílé ẹjọ́ nítorí àfihàn kan náà ní 1990. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Àríyànjiyàn tó ṣe pàtàkì jù kò tilẹ̀ kan ilé ẹjọ́: ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó yà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, òun sì jẹ́ òyìnbó, àwọn èèyàn sì ń béèrè bóyá èèyàn ló rí ni àbí ère. Ìbéèrè náà tọ́, ẹwà fọ́tò kò sì pa á rẹ́.

Ọmọ Yorùbá ló dáhùn rẹ̀ lọ́nà tó jinlẹ̀ jù. Ìdílé Fani-Kayode ti Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí Rotimi Fani-Kayode ní 1955; ìjà òṣèlú 1966 ló gbé wọn dé ìlú Brighton. Ó kàwé l'Ámẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ fọ́tógíráfà aláwọ̀ dúdú Autograph sílẹ̀ ní 1988, kó tó kú ní 1989. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni, kò fi í pamọ́. Ó kọ ọ́ pé àjèjì lòun ní ti ìfẹ́, ní ti ilé tí òun ti kúrò, àti ní ti irú ọmọ tí òbí òun ń retí. Lójú Yorùbá, àgbàlagbà kì í dédé wà ní ìhòòhò ní gbangba: bí kì í bá ṣe pé orí rẹ̀ dàrú, a jẹ́ pé ètùtù tàbí èpè wà nídìí rẹ̀. Ibi ètùtù yìí gan-an ni Rotimi mú. Nínú fọ́tò rẹ̀ ti 1987 tó fi orúkọ Ṣọ̀pọ̀ná pè, wọ́n fi ọ̀dà kán tótòtó sára ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò, funfun lórí awọ dúdú, ó sì di àbẹ́là tó ń jó mú. Àsìkò tí àrùn éèdì (AIDS) ń pa èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọn kì í ti í pe ilẹ̀ẹ́gbóná lórúkọ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ara yìí kò jókòó fún ìwòran. Kò tọrọ àwíjàre lọ́wọ́ òyìnbó. Òrìṣà ni àwíjàre rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí l'Ọ́ṣogbo lónìí máa kọ́kọ́ mójú tó àdéhùn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà gbọ́dọ̀ ti kọjá ọmọ ọdún 18, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kí aṣọ tó kúrò lára: ṣé ojú máa hàn, ta ló máa tọ́jú fáìlì, ṣé wọ́n lè tà á, ibo ni wọ́n lè gbé e sí. Fọ́tò tí wọ́n yà ní Òkè-Fìà láàárọ̀ lè dé ọwọ́ àna kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìwé àdéhùn yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Facebook àti Instagram gba fọ́tò ère àti àwòrán ọlọ́dà tó wà ní ìhòòhò láàyè, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ti èèyàn gidi tó bá hàn tán. Bí fọ́tógíráfà bá ya àwọn ère símẹ́ńtì tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti Adébísí Àkànjí mọ sínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, fọ́tò náà á kọjá. Bí ọkùnrin alààyè bá dúró bí ère kan náà láìwọṣọ, wọ́n á yọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fi ń gbé èyí tí òjìji bò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń tẹ odindi rẹ̀ sórí bébà fún àfihàn inú ilé.